Bí Wọ́n Ṣe Ya Fíìmù Òkú Nílé Màmá Mi

Ọ̀rọ̀ àbùkù ni wọ́n fi wọlé. Ọkùnrin tí àwọn onífíìmù rán láti wá ilé dúró ní àgbàlá wa ní Sùúrùlérè, ó gbójú sókè wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi kọ́, ó wo fèrèsé onígi tó wà lókè, ó yọjú wo àtẹ̀gùn wa tó máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ó ní, "Mọ́mì, ilé yìí ba èèyàn lẹ́rù gan-an. Irú ẹ̀ la ti ń wá látọjọ́ yìí."

Màmá mi gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, tó bá sì ti gbé awò wọ̀ báyẹn, ẹni tó bá gbọ́n á ti máa wá ibi tó máa gbà.

"Ilé ta ló ba èèyàn lẹ́rù?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mo fi ń yìn ín ni."

"O fi ń yìn ín! Tí mo bá sọ pé ojú ẹ ba èèyàn lẹ́rù, ṣé wàá dúpẹ́?"

Mo sá wọ kíṣìnì, mo ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu kí ẹ̀rín mi má bàa jáde. Mo rò pé ó máa lé e ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé fíìmù òkú ni, pé ìyá àgbà kan kú nínú ilé, kò sì kúrò níbẹ̀, pé àwọn òṣìṣẹ́ tó bí ogún ń bọ̀, wọ́n á sì lo bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ṣe dárúkọ ogún èèyàn báyìí, ojú màmá mi yí padà. Ó bọ́ awò. "Ogún èèyàn? Ta ló máa se oúnjẹ fún wọn?"

Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ìkòkò ńlá ni màmá mi ṣì máa ń gbé kaná. Èmi àti ẹ̀ á wá jókòó tì í, a ò ní mọ ibi tá a máa ti bẹ̀rẹ̀. Ogún ẹnu ni Ọlọ́run dà wọlé fún un yẹn. Ó gbà. Ó kàn la òfin kalẹ̀ ni: wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ láìgbàdúrà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ òun, òun ò sì fẹ́ rí nǹkan tó jọ ẹbọ nínú ilé òun, yálà ti eré ni o, yálà ti òótọ́. Ọkùnrin náà ń mi orí sí gbogbo ẹ̀. Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ kí màmá mi tó parí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ láàárín èmi àti màmá mi nígbà yẹn, torí òun gan-an lọ̀rọ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ìwé girama kan ní Yábàá. Ilé ìwé kan ní Kìgálì, lórílẹ̀-èdè Rùwáńdà, wá gbà mí síṣẹ́, wọ́n ní kí n dá àwọn lóhùn kí oṣù tó parí. Irú iṣẹ́ tí mo ti ń fẹ́ látìgbà tí mo ti di tíṣà ni: láàbù gidi, iná ìjọba tí kì í ṣe ségesège, àwọn ọmọ tí ojú mi á ká nínú kíláàsì. Mo sọ fún màmá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí dúró. Ó ní, "Ó dáa." Ó jẹun lọ díẹ̀. Ó wá ní, "Màá gbàdúrà sí i."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Mẹ́tọ́díìsì, ẹ mọ̀ pé "rárá" nìyẹn. Màmá mi tó máa ń gbàdúrà fún ẹni tó ta búrẹ́dì fún un, tó gbàdúrà fún àwọn oníná tó wá gé wáyà wa, kò ní ẹyọ àdúrà kan fún ìrìn àjò mi. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ mi. Mo lè lọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wọ bàálù láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣàdúrà fún un? Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́.

Bẹ́ẹ̀ làwọn onífíìmù kó dé, ọlidé la sì wà, torí náà ojú mi ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe. Ọmọbìnrin kan ni olùdarí wọn. Ó gé irun ẹ̀ kanlẹ̀, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ọ. Ó jókòó ti màmá mi, ó sọ ìtàn náà fún un: ọmọbìnrin kan wá palẹ̀ ẹrù ìyá àgbà rẹ̀ tó kú mọ́, òkú ìyá àgbà ò sì fẹ́ kó lọ mọ́. Ó ní ẹ̀rù inú fíìmù òun, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wọlé. Fún ìgbà pípẹ́, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Kọ́tìnnì á kàn mì. Àga á kàn rọra yí.

"Kọ́tìnnì á mì," ni màmá mi wí. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á dákẹ́, Mà."

"Ìgbà wo ni òkú á wá jáde?"

"Ó di ìparí, Mà."

Màmá mi wò mí, ó wo olùdarí, àánú ọmọ ọlọ́mọ ń ṣe é. "Àwọn tó wá wòran á ti sùn lọ."

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wá di iṣẹ́ tó le jù. Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan o, ẹnì kan ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní Sùúrùlérè! Wọ́n á ti gbogbo ilẹ̀kùn, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí ọ̀sán lè di òru, gbogbo wa á dúró gbagidi. Ọmọbìnrin inú fíìmù á máa gun àtẹ̀gùn lọ jẹ́jẹ́, ẹ̀rù á ti fẹ́ máa ba èmi gan-an, àfi kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníoògùn eku kọjá lójú títì: "Ó ń pa eku! Ó ń pa aáyán! Ó ń pa ìdun! Ekúté jẹ ẹ́, ó kú síta!" Kí ìyẹn tó lọ tán, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á gbaná. Tí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé wa á bẹ̀rẹ̀ sí í dán gìtá wò. Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, ọmọ Mùṣín kan tó máa ń de nǹkan dúdú sí etí méjèèjì, á yọ ọ́, á nu ojú, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú fún oníoògùn eku ní ipa tiẹ̀ nínú fíìmù yìí." Ẹ̀rín á pa gbogbo wa. Olùdarí nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, òun náà á sì rẹ́rìn-ín tó bá yá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti sọ ilé wa di ilé tí ẹnì kan ò gbé. Wọ́n fi nǹkan funfun kan ta okùn aláǹtakùn sí gbogbo igun, wọ́n da erùpẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n gbé àwòrán ìyá àgbà inú fíìmù kọ́, wọ́n sì jẹ́ kó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wọ̀ wọ́n lójú débi pé wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Nígbà tí wọ́n máa fi dé láàárọ̀, ilé wa ń dán! Màmá mi ti tètè jí, ó ti gbá gbogbo ẹ̀ dànù, ó ti fi ọṣẹ fọ tábìlì, ó ti tún àwòrán náà gbé kọ́ dáadáa, ó tún já òdòdó sínú ife síwájú ẹ̀. Ẹnu olùdarí ò padé.

"Mọ́mì, ta ló gbá ilé?"

"Èmi ni. Ẹ ní gbogbo ayé ló máa wo ilé mi, ẹ wá fẹ́ kó dọ̀tí? Kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí i, kí wọ́n ní mi ò tọ́jú ilé mọ́ látìgbà tí ọkọ mi ti kú? Láéláé!"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ rẹpẹtẹ, màmá mi gbà kí okùn aláǹtakùn wà, ṣùgbọ́n kò gbà fún erùpẹ̀ orí tábìlì. Tí ẹ bá rí fíìmù náà, ẹ wò ó dáadáa, tábìlì òkú yẹn ń kọ mànà.

Gbogbo ìyẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Òkú inú fíìmù yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kò sọ ọ̀kan tó dáa rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀, ó dúró lókè àtẹ̀gùn, ilé pa lọ́lọ́, oníoògùn eku gan-an ti kọjá lọ. Òkú wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Oorun ò ní kun ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí."

Láti kíṣìnì la gbọ́ ọ: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A ó sùn, a ó sì jí láyọ̀!"

Gbogbo ilé sì dáhùn, "Àmín!" Kò tiẹ̀ sí ẹni tó rò ó kó tó jáde. Oníkámẹ́rà ṣe àmín, aláṣọ ṣe àmín, ọkùnrin agbohùn tó jẹ́ Mùsùlùmí ṣe àmín tó rinlẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Olùdarí fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Wọ́n tún un yà. Òkú ní, "Oorun ò ní kun..." Màmá mi ní, "Á kùn wá lórúkọ Jésù!" Gbogbo ilé ní, "Àmín!"

Olùdarí wá sí kíṣìnì, ó kúnlẹ̀ gan-an. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni, ọmọ mi. Dìde. Ṣùgbọ́n ìwọ máa ṣeré ẹ tán, wàá kó kámẹ́rà ẹ lọ sílé. Inú ilé yìí lèmi ti ń sùn. Kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ burúkú sínú ilé mi, kí n panu mọ́, kó jókòó síbẹ̀?"

Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn olùdarí, àmọ́ mo wo ojú àwọn òṣìṣẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò gbà pé màmá mi jàre. Ọkùnrin agbohùn ní, "Ọ̀gá, èèyàn kì í dákẹ́ sí irú ẹ̀ o. Ìyá tèmi náà ò ní dákẹ́." Wọ́n wá pinnu pé tí òkú bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, màmá mi á ju súìtì méjì sẹ́nu, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣiṣẹ́ o! Àfi pé a ṣì máa ń gbọ́ ọ tó ń kùn nínú imú bí ìkòkò tó fẹ́ hó, ọkùnrin agbohùn sì ní òun á wá ọgbọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó ń ṣe òkú náà, ìyá kan láti Mùṣín ni, ó fi díẹ̀ dàgbà ju màmá mi lọ. Ẹ̀gbọ́n ni màmá mi ń pè é. Tí wọ́n bá ti kùn ún ní funfun tán, tí wọ́n fi nǹkan dúdú yí ojú ẹ̀ ká, kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ títí wọ́n á fi pè é. Á wá bá màmá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n á jọ máa bó ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkùnrin tó máa ń gbé gáàsì wá fún wa fi já wọlé láìmọ nǹkan kan. Òkú gbójú sókè, ó ní, "Káàbọ̀ o, ọmọ mi." Sílíńdà bọ́ sílẹ̀ gbì! Mi ò mọ ibi tí ọkùnrin yẹn gbà jáde títí dòní. Bàtà rẹ̀ kan ló kù nílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro mí, òkú náà rẹ́rìn-ín títí àtíkè fi sán lójú ẹ̀, wọ́n sì ní láti tún un kùn.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni mo ti gbọ́ ohun tí wọn ò fẹ́ kí n gbọ́. Mo ń gbé tíì bọ̀ fún àwọn méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn màmá mi, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ òkú tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí ò bà mí lẹ́rù rárá. Ọmọ mi ló fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílùú òkèèrè. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tó bá lọ tán, èmi àti fíríìjì la ó kù. Ìgbà míì tí fíríìjì bá ń kùn, mo máa ń dá a lóhùn."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni fún un? Kó má lọ? Ìyá wo ló ń sọ ìyẹn? Ṣùgbọ́n àdúrà ọ̀hún ò jáde lẹ́nu mi, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbìyànjú ẹ̀."

Mo gbé tíì padà. Ẹ̀rín tí mo ti ń rín láti ọjọ́ yìí gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo jókòó ti fíríìjì, inú ń bí mi sí i bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ lọ, Ọlọ́run mọ̀, mo fẹ́ lọ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ ọdún. Ṣùgbọ́n mo pinnu nínú ara mi pé tí wọ́n bá ya fíìmù yìí tán láìjẹ́ pé màmá mi la ẹnu gbàdúrà yẹn fún mi, màá sọ fún àwọn ará Kìgálì pé kí wọ́n má bínú, mi ò lè wá mọ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn wá pé, ni ibà bá dá ọmọbìnrin inú fíìmù dùbúlẹ̀. Ìparí nìkan ló sì kù láti yà: ọmọbìnrin náà gbé àpótí ẹ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kọjú sí ilẹ̀kùn àbájáde, òkú bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn á sì tì fúnra ẹ̀. Olùdarí wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan èmi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi." Mo kọ ẹ̀yìn sí i. "Háà! Ẹ̀yìn yín jọ tiẹ̀!"

Bí mo ṣe di òṣèré nìyẹn o. Wọ́n wọ aṣọ ọmọbìnrin náà fún mi, wọ́n gbé àpótí lé mi lọ́wọ́. Orí mi ń wú: èmi tíṣà físíìsì, ẹ̀yìn mi fẹ́ wọ sinimá! Màmá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, súìtì méjì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n nàró dáadáa, kí n má dójú ti òun.

Wọ́n bo fèrèsé. Ilé ṣú. Mi ò mọ bó ṣe jẹ́, gbogbo Sùúrùlérè dákẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ òkú lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí ni, síbẹ̀ irun ara mi dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ni òkú wí. "O ò ní jáde nínú ilé yìí. Èmi àti ẹ náà ni. Ibí lo máa wà tì mí, títí ayé."

Ẹ gbọ́, gbogbo ohun tí màmá mi ò lè sọ fún mi ni òkú yẹn kó jọ tó sọ. Mo ń retí kí ilẹ̀kùn tì. Ohun tí mo gbọ́ ni súìtì tó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ọ̀kan, èkejì.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Àga ṣubú. "Irọ́ ni! Ọmọ mi á jáde! Ta ló ní kó má jáde? Ọmọ tèmi á lọ! Á lọ sí Kìgálì, á lọ láyọ̀, á dé láyọ̀! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kọ! Bàálù tó máa gbé e ò ní já! Wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀ níbẹ̀! Ohun tó bá dáwọ́ lé á yọrí! Kò ní torí mi jókòó! Mo ní kò ní torí mi jókòó!"

"Àmín!" ni gbogbo ilé. "Àmín! Àmín!" Ohùn kan wà níbẹ̀ tó ga ju tiwọn lọ. Mo yíjú padà. Òkú ni, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè lórí àtẹ̀gùn, omi ojú ti la ọ̀nà méjì sínú àtíkè rẹ̀, ó ń ké, "Àmín, lágbára Ọlọ́run!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Màmá mi dúró láàárín yàrá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé ohun tó sọ ya òun náà lẹ́nu. Ó wo olùdarí. "Mo ti bà á jẹ́, àbí?"

Olùdarí nu ojú. "Kò burú, Mọ́mì. A máa tún un yà ni."

"Tún kí ni yà? Kí òkú tún un sọ sí ọmọ mi lára? Kò sí nínú ilé yìí. Mo ti gbàdúrà, ó ti parí."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkùnrin agbohùn ní tiẹ̀ ní òun ò tiẹ̀ ní gbà á sílẹ̀. Òkú ní òun ò lè la ẹnu sọ ọ́ sí ọmọ náà mọ́, kí wọ́n wá òkú míì. Bí ìparí fíìmù yẹn ṣe yí padà nìyẹn o. Olùdarí jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ronú díẹ̀, ó ní ó dáa, ọmọbìnrin náà á ṣí ilẹ̀kùn, á gba inú oòrùn lọ sí géètì, á sì jáde.

Wọ́n gbé kámẹ́rà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n má yára, kí n má wo ẹ̀yìn, kí n fi ọwọ́ ara mi ṣí géètì. Mo gbé àpótí, mo jáde. Oòrùn ń ràn, omi kún ojú mi, mi ò ríran dáadáa. Nígbà tí mo máa fi dé géètì, ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Màmá mi ti gba ẹ̀yìnkùlé yọ síwájú, ó ti fa irin tá a fi ń há a yọ, ó ń fi èjìká taari géètì ọ̀hún kó lè ṣí torí ó wúwo.

"Mọ́mì!" Olùdarí ló ń ké látẹnu ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ kó lọ sókè báyẹn rí. "Mọ́mì, ẹ ti wọnú fíìmù!"

"Mo mọ̀," ni màmá mi wí. Kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó fi ọwọ́ kan di géètì mú kó má padà, ó fi ọwọ́ kejì tì mí lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Máa lọ."